Ẹ ka hóró, ẹ má ka lítà: bí a ṣe ń fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù dènà nọ́ọ̀kì nínú bẹntiróòlù

Sukurudiráfà gígùn ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ lò láti jẹ́ kí n mọ nọ́ọ̀kì. Ó gbé ẹnu irin rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, ó ní kí n fi etí ti ìdí rẹ̀, ó wá tẹná lójijì. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń mi ìṣó wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ó wojú mi, ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ? Ohun tó ń jẹ orí písítìn nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ọ̀rọ̀ epo ṣeré mọ́. Iṣẹ́ mi báyìí ni kí n máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí n sì máa tò ó fún irú epo tí wọ́n fẹ́ máa lò nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí jù ni pé, bí a bá da ọtí pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù, ṣé nọ́ọ̀kì á dúró?

Á dúró, bí ẹ bá mọ iye tí ẹ dà, ohun tí ẹ dà á sí, àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn náà. Ọtí tí mò ń sọ ni ẹ̀tánọ́ọ̀lù gbígbẹ tí omi kò sí nínú rẹ̀. Èyí tí a ń mu kọ́, èyí tí a fi ń nu ojú egbò náà kọ́.

Kí n tètè la ọ̀rọ̀ kan kí a má baà sọ ọ́ gba ibi tó yàtọ̀. Bí àwa oníṣẹ́ bá ní "ẹ́ńjìnnì yìí ti nọ́ọ̀kì", ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́ ni pé bẹ́ríǹgì ti jẹ, kọ́nrọ́ọ̀dù ti ń lu kíráńkì, ẹ́ńjìnnì ti lọ. Ìyẹn kọ́ ni tòní. Nọ́ọ̀kì tí epo fúnra rẹ̀ ń fà ni mò ń sọ. Wọ́n yàtọ̀ síra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀kì epo lè fa ti bẹ́ríǹgì bí ẹ kò bá tètè dá a dúró.

Sùúrù epo

Nínú sílíńdà, púlọ́ọ̀gì ló yẹ kó dá iná sílẹ̀, kí iná náà sì máa rìn létòlétò láti ìdí púlọ́ọ̀gì dé ògiri. Bó ṣe ń rìn ló ń fẹ̀, ó sì ń ti àpòpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ tí kò tíì jó mọ́ igun. Ìtẹ̀ ń pọ̀ lórí èyí tó wà ní igun yẹn, ooru rẹ̀ sì ń ga. Bí epo náà kò bá ní sùúrù, á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtẹ̀ á fò sókè, ìgbì rẹ̀ á máa gbá ògiri síwá sẹ́yìn ní nǹkan bí ìgbà 6,000 sí 7,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré. Ohùn ìṣó inú agolo nìyẹn. Ìgbì yìí ń gbá ìpele afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó lẹ̀ mọ́ orí písítìn dànù, ìpele tí kì í jẹ́ kí ooru wọ irin ní tààrà. Tí ìyẹn bá ti lọ, álúmíníọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ríìǹgì á ṣẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì á bẹ́.

Nọ́ńbà ọ́kítéènì tí ẹ ń rí lára ẹ̀rọ epo, sùúrù yìí ló ń wọ̀n. Kò sọ pé epo lágbára. Oríṣi epo méjì ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n: iso-octane, tí wọ́n fún ní 100, àti n-heptane, tí wọ́n fún ní 0. Epo tí nọ́ọ̀kì rẹ̀ bá bá ti àpòpọ̀ 92 nínú ọgọ́rùn-ún iso-octane àti 8 heptane mu, 92 ni a ó pè é. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan tí wọ́n lè yí ìwọ̀n ìfúnpọ̀ rẹ̀ (bí písítìn ṣe ń fún àpòpọ̀ pọ̀ tó) nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń dán an wò, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà: RON (Research Octane Number) àti MON (Motor Octane Number). Ọ̀nà RON ń yí ìyípo 600 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò sì gbóná púpọ̀. Ọ̀nà MON ń yí 900, wọ́n sì ń mú àpòpọ̀ náà gbóná dé dìgírì 149 kí ó tó wọ sílíńdà. MON le ju RON lọ, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà rẹ̀ fi sábà máa ń kéré. RON ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ epo ní Yúróòpù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. Nítorí náà, 91 ti ibì kan lè má jẹ́ 91 ti ibòmíràn.

Ẹ̀tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, RON rẹ̀ tó nǹkan bí 109, MON rẹ̀ tó nǹkan bí 90. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ohun méjì tí ọtí ń ṣe

Èkíní ni pé ó ń tuni lára. Ẹ kán ẹ̀tánọ́ọ̀lù díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Kílò kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí kìlójúùlù 900 kí ó tó di afẹ́fẹ́. Bẹntiróòlù ń gba nǹkan bí 350. Àmọ́ ẹ wò ó síwájú sí i. Kílò bẹntiróòlù kan ń fẹ́ kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó jó tán, ẹ̀tánọ́ọ̀lù ń fẹ́ 9 péré, torí ó ti gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání. Èyí ni pé, fún afẹ́fẹ́ kan náà, ẹ̀tánọ́ọ̀lù tó ń wọlé pọ̀ ju bẹntiróòlù lọ. Bí a bá wá ṣe é pọ̀, ìtutù tí ẹ̀tánọ́ọ̀lù lásán ń mú bá kílò afẹ́fẹ́ kan tó ìlọ́po mẹ́rin ti bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà ló ń jẹ àǹfààní èyí jù. Nínú èyí tó ń lo kàbúrétọ̀, ara ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni ọtí ti ń gba púpọ̀ nínú ooru tó fi ń di afẹ́fẹ́, nítorí náà ohun tó ń tutù nínú sílíńdà kéré.

Èkejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì ń wù mí jù láti ṣàlàyé. Kí bẹntiróòlù tó gbiná fúnra rẹ̀, ìjà kan máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn hóró rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tí ojú kò lè rí tó para pọ̀ di epo. Hóró gígùn tó tò bí ẹ̀wọ̀n á gbá ọ́síjìn mú, á fọ́, á tú àwọn èérún oníjàgídíjàgan sílẹ̀. Èérún kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí iná á fi sọ. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù dà bí àgbà tó bọ́ sáàárín wọn. Á gba èérún oníjàgídíjàgan náà mọ́ra, á sì tú òmíràn tí kò yá láti jà sílẹ̀ dípò rẹ̀. Ìjà á rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ yẹn sì tó fún iná púlọ́ọ̀gì láti dé igun. Ṣùgbọ́n bí ooru bá pọ̀ kọjá ààlà, èyí tí kò yá láti jà yẹn náà á fọ́, ìjà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀tánọ́ọ̀lù fi gba 109 nínú ìdánwò tó tutù, tó sì jẹ́ pé nǹkan bí 90 ló gbà nínú èyí tó gbóná.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí pé àwọn tó kọ́kọ́ wá oògùn nọ́ọ̀kì mọ iṣẹ́ ọtí yìí. Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1921 ló rí i pé òjé olómi kan ń dá nọ́ọ̀kì dúró, díẹ̀ báyìí sì ti tó fún epo púpọ̀. Òjé ni wọ́n yàn, ayé sì mí májèlé sínú fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 2021 ni orílẹ̀-èdè tó gbẹ̀yìn, Algeria, tó ṣíwọ́ títà á fún ọkọ̀.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń ṣì

Ẹ jẹ́ ká ní bẹntiróòlù tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ RON 88, tí kò ní ọtí kankan nínú. Ẹ fẹ́ da lítà 1 ẹ̀tánọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ lítà 9 rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é ni pé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti 88 àti ìdá kan nínú mẹ́wàá ti 109, ó di 90.1. Tí wọ́n bá wá gbé epo náà lọ sí ẹ́ńjìnnì ìdánwò, á fi nǹkan bí 92 hàn. Wọ́n á ní idán ni. Kì í ṣe idán.

Ẹ mú agolo kan, ẹ da òkúta ńláńlá kún un dé ibi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹ wá fi òkúta wẹ́wẹ́ kún èyí tó kù. Tí ẹ bá wo agolo, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni òkúta wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá dà á sílẹ̀ tí ẹ ń kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iye wọn á yà yín lẹ́nu. Hóró ẹ̀tánọ́ọ̀lù ni òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Ìjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, hóró sí hóró ni, lítà kò sí níbẹ̀. Nítorí náà hóró ni kí ẹ kà.

Bí mo ṣe ń kà á nìyí. Lítà ẹ̀tánọ́ọ̀lù kan wọn gíráàmù 789, ìwúwo hóró rẹ̀ sì jẹ́ 46. Lítà bẹntiróòlù kan wọn nǹkan bí gíráàmù 740. Oríṣiríṣi hóró ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá fi 100 ṣe ìwúwo hóró rẹ̀, ẹ kò ní ṣìnà púpọ̀. Ẹ pín ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwúwo hóró rẹ̀:

Lítà 1 ẹ̀tánọ́ọ̀lù: 789 ÷ 46 = 17.2
Lítà 9 bẹntiróòlù: 6,660 ÷ 100 = 66.6
Àpapọ̀: 83.8
Ìpín ẹ̀tánọ́ọ̀lù: 17.2 ÷ 83.8 = 20.5%

Ìdá kan nínú mẹ́wàá ní lítà ti di ìdá kan nínú márùn-ún ní hóró. Ẹ wá mú àlàfo tó wà láàárín 109 àti 88, ìyẹn 21, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.205, ẹ fi kún 88. Ó di 92.3. Bó ṣe wà lórí ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

Bí ẹ bá fi lítà 2 sí 8, ìpín hóró á di 36.7%, RON á di nǹkan bí 95.7. Lítà 3 sí 7, ìpín hóró á di ìdajì géérégé, RON á di 98.5. Ẹ wo bí ó ṣe ń rìn: lítà àkọ́kọ́ mú 4.3 wá, èkejì mú 3.4, ẹ̀kẹta mú 2.8. Èrè ń dínkù bí ẹ ṣe ń dà sí i. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kọjá 10% sí 20% láìsí ìdí pàtàkì nínú ẹ́ńjìnnì tí wọn kò ṣe fún ọtí.

Ohun tí ẹ dà á sí náà ṣe kókó. Ẹ gbé bẹntiróòlù RON 95 dípò 88, kí ẹ fi 10% ẹ̀tánọ́ọ̀lù sí i: àlàfo ti di 14 péré, RON á di nǹkan bí 97.9, èrè ò tó 3. Epo tí kò ní sùúrù ni ọtí ń ràn lọ́wọ́ jù. Ẹ lè rí i kà níbì kan pé nọ́ńbà ẹ̀tánọ́ọ̀lù nínú àpòpọ̀ jẹ́ 131, kí ẹ rí 124 níbòmíràn. Irọ́ kọ́ o. Bí ẹ bá fi lítà ṣírò èrè tó wà lórí epo 88, 131 ló máa jáde. Bí ẹ bá fi ṣírò ti epo 95, 124 ni. Nọ́ńbà yẹn ń yí pẹ̀lú epo tí ẹ dà á sí, nítorí náà ẹ má gbé e láti inú àpòpọ̀ kan sí òmíràn. Kí ẹ sì fi àyè nọ́ńbà kan sílẹ̀ fún àṣìṣe, torí bẹntiróòlù kì í rí bákan náà. Èyí tí tòlúúnì (èròjà bẹntiróòlù kan) àti àwọn ẹbí rẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lè má gbọ́ ti ọtí tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí ẹ rántí MON. Ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún bẹntiróòlù tí MON rẹ̀ jẹ́ 80: àlàfo láti 80 sí 90 jẹ́ 10, ìlọ́po 0.205 jẹ́ 2. RON gòkè ní 4.3, MON gòkè ní 2 péré. Ẹ ó rí ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà: ọkọ̀ tó ń nọ́ọ̀kì nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹná kúrò lójú kan á dákẹ́, àmọ́ lórí òkè gígùn, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná janjan tó sì ń sáré, ohùn ìṣó yẹn lè padà. Ẹ má ní ọtí náà burú. Ẹ ti kúrò ní ilé RON, ẹ ti wọ ilé MON ni. Àwọn ẹ́ńjìnnì túbò òde òní, tí wọ́n ń tu afẹ́fẹ́ lára kó tó wọlé, ilé RON ni wọ́n sábà máa ń wà, ìdí nìyẹn tí ọtí fi ń bá wọn lára mu.

Kí ló ti wà nínú epo yín tẹ́lẹ̀?

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé ìfọpo ti ṣe ìṣirò ọtí mọ́ epo kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ṣe ìdí epo, ìyẹn bẹntiróòlù tí ọtí kò tíì sí nínú rẹ̀, ní 84 lórí òṣùwọ̀n tiwọn, kí 10% ẹ̀tánọ́ọ̀lù gbé e dé 87. Ẹni tó bá ra 87 yẹn ti jẹ èrè ọtí náà tán. Ní Bùràsíìlì, 27% ni òfin fi sínú bẹntiróòlù láti ọdún 2015, ó sì di 30% ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Bí ẹ bá tún da 10% sórí irú èyí, ẹ kò sí níbi tí ẹ rò pé ẹ wà mọ́.

Ẹ wá gíláàsì ìwọn gígùn tó ní ilà, tó gba mílílítà 100. Ẹ bu omi mílílítà 10 sí i, ẹ fi bẹntiróòlù kún un dé ilà 100. Ẹ dé e, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan, ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ kí ìtẹ̀ lè jáde, ẹ wá gbé e kalẹ̀ títí á fi pín sí méjì kedere. Omi ló máa wà nísàlẹ̀. Bí ó bá ṣì wà ní 10, kò sí ọtí níbẹ̀. Bí ó bá ti di 19, mílílítà 9 ni omi fà nínú 90 epo, ìyẹn 10%. Ìdánwò yìí máa ń fi iye tó dín díẹ̀ hàn, àmọ́ ó tó láti mọ ibi tí ẹ dúró. Èyí tí ẹ bá fi dánwò, ẹ má dà á padà sínú táǹkì.

Mo ti rí àwọn tó ń fi omi fọ ọtí kúrò nínú bẹntiróòlù ní garawa ńlá nítorí pé wọ́n bẹ̀rù rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé bí ọtí ṣe jáde ni sùúrù epo bá a lọ. Ìdí epo 84 yẹn ló kù sí wọn lọ́wọ́, òun ni wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì tó nílò 87.

Dídà á pọ̀

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí fóònù, sìgá, jẹnẹrétọ̀ àti ohunkóhun tó lè dá iná sílẹ̀ jìnnà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ lo ohun èlò gbígbẹ tí wọ́n ṣe fún epo. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù náà gbọ́dọ̀ ju 99% lọ. Èyí tí wọ́n kọ 70% tàbí 95% sí lára, omi ni ìyókù, omi yẹn ló sì máa bá gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ wọn méjèèjì nígbà tí ooru wọn bá ti dọ́gba, ẹ dà wọ́n pọ̀, ẹ rọra mì ín. Ẹ wá bu díẹ̀ sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ gbé e síbi tó tutù jù tí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ náà lè dé, kí ó sùn síbẹ̀. Bí ó bá mọ́ gaara láàárọ̀, ó dára. Bí ó bá ṣú bí ìkùukùu, tàbí tí ẹ rí ilà nísàlẹ̀, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ má lò ó.

Nípa àwọn ọtí mìíràn, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Mẹ̀tánọ́ọ̀lù ń dènà nọ́ọ̀kì gan-an, torí hóró rẹ̀ tún kéré sí i, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 32. Àmọ́ ó ń fọ́ni lójú, ó ń pani, iná rẹ̀ kì í hàn dáadáa lójú ọ̀sán, ó ń jẹ álúmíníọ̀mù, omi díẹ̀ báyìí sì ń yà á kúrò lára bẹntiróòlù. Mi ò lò ó, mi ò sì ní kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi ní bí a ṣe ń lò ó. Isobutanol kì í tètè bá omi lọ, agbára inú lítà rẹ̀ sì sún mọ́ ti bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ tóbi, 74. 10% rẹ̀ nínú epo 88 yẹn kò ní gbé e kọjá nǹkan bí 90.

Títò ẹ́ńjìnnì fún un

Ọtí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó kéré, nítorí náà epo gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Fún 10%, kílò afẹ́fẹ́ tó bá kílò epo kan mu ti kúrò ní 14.7, ó di 14.1, fún 20% ó di 13.5, fún 30% ó di 12.9. Ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń wo èéfín láti fi tún epo tò á bá a lọ fúnra rẹ̀ dé àyè kan. Kàbúrétọ̀ kò lójú. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, epo á dínkù nínú àpòpọ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná, nọ́ọ̀kì tí ẹ ń lé jáde gba ẹnu ọ̀nà á gba ojú fèrèsé wọlé. Fún 10%, epo tó ń kọjá gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 3.5% pọ̀ sí i; fún 20%, nǹkan bí 7.5%. Ẹ rántí pé ojú ihò jẹ́ẹ̀tì (ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kàbúrétọ̀) lápapọ̀ ni ìdá yìí ń sọ. Bí ojú ihò náà bá fẹ̀ ní 8%, ìbú rẹ̀ kò ju 4% lọ. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyẹn: mo fi 8% kún ìbú, púlọ́ọ̀gì sì dúdú bí èédú.

Lẹ́yìn náà ni táímíǹgì, ìyẹn àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń dá iná sílẹ̀. Ibí gan-an ni èrè wà, ó sì ń dùn mí pé ibí ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò nọ́ọ̀kì tẹ́lẹ̀, tí ẹ kò sì yí táímíǹgì tàbí ìwọ̀n ìfúnpọ̀ rẹ̀ padà, kò ní rí nǹkan kan gbà nínú sùúrù tí ẹ fi kún epo rẹ̀. Owó ló máa jẹ, torí lítà ẹ̀tánọ́ọ̀lù kan kò ní ju ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó wà nínú lítà bẹntiróòlù. Àpòpọ̀ 10% ń dín agbára lítà kù ní nǹkan bí 3%. Oníbàárà kan bínú sí mi nígbà tí mo sọ èyí fún un. Ó ti ń da ọtí sínú ọkọ̀ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó ní ó ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A jọ kọ iye epo tó lò àti ibi tó rìn dé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó rí i fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ẹrù lé e, torí kò sí nọ́ọ̀kì tó ṣe é gbára lé láìsí ẹrù. Ẹ máa fa táímíǹgì síwájú, kí púlọ́ọ̀gì túbọ̀ tètè dá iná sílẹ̀, ní dìgírì kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró, ẹ gbọ́ ọ. Bí agbára bá ṣì ń gòkè, ẹ fi ọ̀kan sí i. Bí ohùn ìṣó bá kọ́kọ́ ta sí yín létí, ẹ dá a padà sẹ́yìn ní dìgírì méjì sí mẹ́ta, kí ẹ dì í. Bí agbára bá dúró kí nọ́ọ̀kì tó dé, ibẹ̀ ni kí ẹ fi í sí. Lílọ síwájú kò ní fún yín ní nǹkan mìíràn ju ooru lọ. Nínú ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, àmọ́ ààlà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò ní kọjá.

Ẹ yẹ gbogbo rọ́bà wò pẹ̀lú: ọ̀pá epo, rọ́bà inú kàbúrétọ̀, ti ẹ̀rọ tó ń fa epo. Ọtí ń mú rọ́bà àtijọ́ wú tàbí kó sán. Ó sì ń tú ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ táǹkì láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ẹ mú fílítà tuntun kan dání, ẹ ó nílò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Omi

Mo ní ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí mo fi ń fa omi, tí mo tò fún àpòpọ̀ 10% pẹ̀lú ìfara-balẹ̀ púpọ̀. Mo gbé e jù sílẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà pẹ̀lú epo ní ìdajì táǹkì, ìdérí rẹ̀ sì ní ihò atẹ́gùn. Ọjọ́ tí mo tan án, ó ṣiṣẹ́, ó sì ń nọ́ọ̀kì bíi pé mi ò fi ọtí kankan sí i rí. Mo tú táǹkì sínú ìgò, mo rí ilà níbẹ̀.

Àpòpọ̀ 10% lè gba omi mílílítà 5 péré nínú lítà kan nígbà tí ooru bá wà ní nǹkan bí dìgírì 15; bó bá tutù sí i, èyí tó lè gbà á dínkù. Tó bá ti kọjá ìyẹn, omi ò ní dá lọ sísàlẹ̀, á mú ọtí dání. Èyí tó kù lókè ni bẹntiróòlù 88 tí mo fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú táímíǹgì tí mo ti fà síwájú fún 92. Kò sí bí kò ṣe ní nọ́ọ̀kì. Mímì kò lè dá a padà, fífi ọtí tuntun sí i kò sì bọ́gbọ́n mu, torí ẹ kò mọ iye omi tó wà níbẹ̀. Ẹ tú u dànù síbi tí wọ́n ti ń gba epo ìdọ̀tí. Láti ìgbà náà, táǹkì tí mo bá fẹ́ gbé jù sílẹ̀ máa ń kún dé ẹnu tàbí kó gbẹ pátápátá, mi ò sì ń po ju èyí tí mo máa lò láàárín oṣù kan lọ.

Lẹ́yìn bí wákàtí méjì tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹrù pẹ̀lú epo tuntun náà, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ lo gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ wo ara tánganran funfun rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ dára. Bí ó bá funfun báláú, epo kéré, ẹ padà sí jẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí èérún wẹ́wẹ́ tó ń dán bí ìdà lára rẹ̀, orí písítìn ló ti já wá síbẹ̀. Ẹ dá táímíǹgì padà ní dìgírì méjì, ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, kí ẹ tún gbé sukurudiráfà gígùn lé ara ẹ́ńjìnnì.